Lẹ́tà Tí Ìyá Ẹ̀wà Kò Kọ Parí

Ẹ̀wà ni o, kì í ṣe ẹwà. Bí àlejò bá ṣèèṣì gbé ohùn sókè díẹ̀ nídìí orúkọ yẹn, tó pè é ní Ìyá Ẹwà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn, nítorí obìnrin tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ kò ráyè ẹwà rárá. Bàtà kan náà ló ń wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, erùpẹ̀ kì í sì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni nínú ìmọ̀ ewéko ní yunifásítì. Ẹ̀wà tí à ń gbìn, tí kòkòrò ń dá lu nínú àpò, òun ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀wà kan wà nínú igbó tí kòkòrò kì í bá ṣeré. Kóró rẹ̀ kéré bí orí ìṣó, ó sì korò débi pé ewúrẹ́ pàápàá á tu ú dànù. Ẹ̀wà ilé ní tiẹ̀ dùn, ó tóbi, àmọ́ bí èèyàn bá kó o pamọ́ fún oṣù mẹ́ta, ìyẹ̀fun ló máa bá nínú àpò. Ohun tí Ìyá Ẹ̀wà ń wá kò ju pé kí òun fi àwọn méjèèjì ṣe tọkọtaya, kí wọ́n bí ọmọ tó gba agídí bàbá, tó sì gba adùn ìyá.

Ṣùgbọ́n alárinà ẹ̀wà ń jìyà. Òdòdó ẹ̀wà kì í dúró de ọkọ láti ìta. Akọ àti abo ń gbé inú ilé kan náà. Kí òdòdó tó là ní òwúrọ̀, wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí i gbọ́dọ̀ ṣí òdòdó náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nígbà tó ṣì di ẹnu pọ̀, kó fi ẹ̀mú kékeré yọ okùn akọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìfara kan abo tó wà láàárín wọn, kó tó wá mú ìyẹ̀fun akọ mìíràn wá fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, ó parí, òdòdó á rẹ̀ dànù. Nínú ogún tí Ìyá Ẹ̀wà bá ṣe, bí méjì bá so, á dúpẹ́.

Báyìí lọ̀rọ̀ wà kí Ọwọ́-Òwú tó dé.

Ọmọbìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè kejì ni, ó sì wá ṣe olùrànlọ́wọ́ fún ọdún kan. Bàbá rẹ̀ ń tún aago ọwọ́ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, láti kékeré ló sì ti ń bá a di àwọn ìṣó wínníwínní tí ojú lásán ò lè rí mú. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ṣe ogún òdòdó, mẹ́tàlá so. Ìyá Ẹ̀wà rò pé ọmọ náà ṣì í kà ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ṣe ọgbọ̀n. Ogún ó lé kan so. Bàbá àgbàlagbà tó ń bomi rin ọgbà ló dúró wò ó lọ́jọ́ kan, tó mi orí, tó ní, “Ọwọ́ ọmọ yìí, òwú ni.” Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn.

Ọdún kan di mẹ́rin. Ọwọ́-Òwú kì í pe Ìyá Ẹ̀wà ní Ọ̀jọ̀gbọ́n bíi ti àwọn yòókù. Mọ́mì ló ń pè é. Àwọn méjèèjì á jókòó sórí àpótí nínú ilé àwọ̀n tí wọ́n kọ́ kí kòkòrò má baà ráyè wọlé, wọ́n á tẹrí ba, ẹ̀mú á wà lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ á sì máa lọ.

“Mọ́mì, òdòdó yìí ń ṣe ṣàkó sí mi.”

“Ọkọ ló ń wá. Tètè wá a fún un, kó tó lọ mú ti ara rẹ̀.”

Ẹni tó bá ń gbọ́ wọn láti ìta á rò pé ìyá àti ọmọ ni.

Ní ọjọ́ kan, Ọwọ́-Òwú já wọ ọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà. Yunifásítì kan lókè òkun ń wá ẹyọ ẹnì kan tó máa wá kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé lórí ẹ̀wà, ọdún mẹ́rin, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́.

“Ẹ wò ó, Mọ́mì! Bí ẹni pé èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí. Ìwé-ẹ̀rí mi ti pé, mo ti ṣàlàyé iṣẹ́ mi. Ó ku lẹ́tà ẹni tó mọ̀ mí dáadáa. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀, aago méjìlá ọ̀sán, wọ́n á ti ilẹ̀kùn.”

“Lẹ́tà nìkan ló kù? Lọ máa di ẹrù rẹ.”

Ó dìde, ó gbá ọmọ náà mọ́ra. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn: inú rẹ̀ dùn lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni lẹ́tà mìíràn dé. Jọ́nà ńlá kan, ìwé ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ewéko jákèjádò ayé ń kà, ti gba iṣẹ́ Ìyá Ẹ̀wà lórí ìgbéyàwó ẹ̀wà igbó àti ẹ̀wà ilé fún àyẹ̀wò. Àwọn aṣàyẹ̀wò, tí èèyàn kì í mọ orúkọ wọn, ní iṣẹ́ náà dára, ó sì jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n àwọn kò lè gbé e jáde àfi bí wọ́n bá tún un ṣe fún sáà kan sí i. Ọgọ́fà òdòdó, ó kéré tán.

Ìyá Ẹ̀wà ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ṣírò oṣù lórí ìka. Bí wọ́n bá mú Ọwọ́-Òwú, kí ẹ̀wà sáà tó ń bọ̀ tó yọ òdòdó, ọmọ náà á ti lọ sókè òkun. Ó mú ẹ̀mú, ó lọ sí ilé àwọ̀n lóun nìkan, ó ṣe òdòdó mẹ́wàá. Kò sí ẹyọ kan tó so. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni; ojú ti ń ṣe bàìbàì, àtàǹpàkò sì ti ń gbọ̀n. Ogún ọdún ló fi wá iṣẹ́ yìí dé ẹnu ọ̀nà jọ́nà yẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà ṣá o. Ó kọ ọ́ pé, “Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò tíì rí ọwọ́ tó dà bíi ti ọmọ yìí,” ó sì dúró níbẹ̀. Gbogbo ohun tó kọ sílẹ̀ yẹn gan-an ni ìdí tí kò fi fẹ́ kó lọ. Àwọn ará òkè òkun rán an létí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rán an létí lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, “Kì í ṣe pé mi ò ní kọ ọ́. Kí sáà yìí kọjá ná. Ọmọdé ṣì ni. Irú àǹfààní báyìí á tún yọjú lọ́dún tó ń bọ̀, èmi ni màá sì kọ́kọ́ sọ fún un.” Irọ́ tí èèyàn ń pa fún ara rẹ̀ kì í ní ẹlẹ́rìí, ìdí nìyẹn tó fi ń rọrùn pa.

Nígbà tí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún pé, ní aago mọ́kànlá ààbọ̀, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ìlà mẹ́rin márùn-ún péré ló kù. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wò ó bóyá wọ́n ti bomi rin ilé àwọ̀n. Wọ́n ti bomi rin ín. Ó ka èso orí ìlà àkọ́kọ́, ó tún un kà. Nígbà tó padà dé ọ́fíìsì, aago méjìlá ti fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kọjá, wọ́n sì ti kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé ilẹ̀kùn ti tì.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ọwọ́-Òwú yọ orí lẹ́nu ọ̀nà.

“Mọ́mì, ṣé ó ti lọ?”

“Ó ti lọ, ọmọ mi.”

Bí a bá ní ká gbè é díẹ̀, àsìkò ti lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò béèrè àsìkò. Lẹ́tà ló béèrè.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni èsì dé, ìlà mẹ́ta. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn ti mú ẹlòmíràn, wọn ò sọ ìdí. Ọwọ́-Òwú kà á tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ó dáa náà,” ó sì mú ẹ̀mú rẹ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n rí i tó já òdòdó mẹ́fà léra wọn.

Ó ṣe ọgọ́fà náà pé. Mẹ́tàléláàádọ́rin so. Iṣẹ́ jáde nínú jọ́nà, ìwé ìkíni ń rọ́ wọlé bí òjò. Orúkọ márùn-ún ló wà lókè rẹ̀. Ti Ìyá Ẹ̀wà ló ṣáájú. Ti Olórí Ẹ̀ka tẹ̀lé e, ọkùnrin tí kò wọ ilé àwọ̀n rí àfi lọ́jọ́ tí òjò ká a mọ́ ìta. Ẹnì kan tó bá wọn ṣe ìṣirò ṣe ìkẹta. Ọwọ́-Òwú ṣe ìkẹrin, ẹni tó ya àwòrán sì gbẹ̀yìn. Ẹni tí kì í ṣe ará ilé iṣẹ́ yìí lè rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ wọn, bí àwọn èèyàn bá ń tọ́ka sí nǹkan, ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n ń dárúkọ, wọ́n á wá ní “àti àwọn yòókù”. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ẹ̀wà méjèèjì pọ̀ ti di àwọn yòókù.

“Olórí Ẹ̀ka ló ń buwọ́ lu gbogbo ohun tí à ń béèrè,” Ìyá Ẹ̀wà ṣàlàyé. “A ò lè fi í sẹ́yìn.”

“Kò burú, Mọ́mì.”

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ló wá dágbére.

“Mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù, ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.”

“Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? Ìwọ? Dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ibi mẹ́wàá ni màá kọ lẹ́tà sí fún ọ.”

“Rárá, mà. Ẹ ti gbìyànjú. Ẹ kọ̀wé nípa mi, wọ́n kà á, wọ́n wò ó pé mi ò tó. Ẹni tí wọ́n bá ti gbé sórí ìwọ̀n, ó yẹ kó mọ bí òun ṣe wúwo tó.”

Ìyá Ẹ̀wà la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n. Bó bá jẹ́ pé ó sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn, ìtìjú ọjọ́ kan ni. Ọ̀la á mọ́, ọmọ náà á bínú, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé e mì.

“Ọlọ́run á wà pẹ̀lú rẹ,” ló sọ. Ó fún un ní àdúrà dípò òtítọ́.

Ọdún mọ́kànlá kọjá. Wọ́n ń pe Ìyá Ẹ̀wà síbí, wọ́n ń pè é sọ́hùn-ún, kó wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ńlá tó ṣe. Ohun tí kì í sọ fún wọn ni pé iṣẹ́ náà ti dúró sójú kan. Ọmọ tí ẹ̀wà méjèèjì bí gba agídí bàbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kóró rẹ̀ ṣì kéré, ó sì ń korò lẹ́nu. Ó yẹ kí wọ́n tún mú un padà fún ẹ̀wà ilé ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó di ohun tí àgbẹ̀ lè gbìn. Olùrànlọ́wọ́ mẹ́jọ ló wá, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló lọ. Ẹnì kan fi ẹ̀mú gún ìka ara rẹ̀. Ẹnì kan ní eegun ẹ̀yìn òun ò gbà á.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ó sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà fún ọkọ rẹ̀, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n, tó jókòó síwájú ilé tó ń pọ́n ọ̀bẹ. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ pọ́n ọ̀bẹ náà tán.

“Ta lo ti sọ fún?”

“Ẹ̀yin nìkan.”

“Èmi kọ́ lo ṣẹ̀.” Ó fi ìka tọ́ ẹnu ọ̀bẹ náà wò. “Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tìrẹ ti lọ mọ́kànlá. Ṣé o fẹ́ kó pé ogún ni?”

“Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ó yẹ kó bà ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá lọ, má lọ nítorí kí ọkàn tìrẹ lè fúyẹ́. Tiẹ̀ ni kí o máa rò.”

Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń jà nínú rẹ̀ nígbà tí ilé-iṣẹ́ tuntun kan kọ̀wé sí i. Wọ́n ń dá ibùdó irúgbìn sílẹ̀, wọ́n ń wá ẹni tó máa jẹ́ olórí ilé àwọ̀n wọn, wọ́n ní kó dárúkọ ẹni tó bá mọ̀. Wọn ò fi dandan lé oyè ọ̀mọ̀wé. Ìyá Ẹ̀wà jókòó, ó kọ ojú ewé méjì nípa Ọwọ́-Òwú láìgbé orí sókè, ó sì fi ránṣẹ́ ní wàrà-wéré, kí ẹ̀rù má baà tún gbé e lọ wo omi ilé àwọ̀n. Lẹ́yìn náà ló wọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù atúnaago-ṣe.

Bàbá Ọwọ́-Òwú ti darúgbó, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nídìí tábìlì rẹ̀, dígí kékeré há sójú kan. Nígbà tó mọ ẹni tó dé, ó dìde tayọ̀tayọ̀.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n wa! Ẹ wọlé, bí àyè bá gbà wá. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun ọjọ́ náà lọ́hùn-ún. Ọmọ mi sọ fún mi bẹ́ ẹ ṣe kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ lọ sí òkè òkun. Àwọn yẹn ni kò mọyì rẹ̀. Ẹ̀yin ti ṣe tiyín.”

Ìyá Ẹ̀wà di etí tábìlì mú. Gbogbo aago ara ògiri ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, kò sì sí méjì tó ń sọ àsìkò kan náà. Ó béèrè ibi tí ọmọ náà wà. Bàbá júwe ọsibítù àwọn ọmọdé tó wà ní òpópónà kejì.

Láti ẹ̀yìn dígí ló ti kọ́kọ́ rí i. Ó ti sanra díẹ̀, irun funfun méjì mẹ́ta ti yọ níwájú orí. Nọ́ọ̀sì kan gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́ta wá, ìyá ọmọ ń sunkún lẹ́yìn wọn, nítorí ẹni méjì ti gún ọmọ náà láìrí ẹ̀jẹ̀ fà. Ọwọ́-Òwú kò sáré. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú títí ó fi gbóná, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Abẹ́rẹ́ wọlé, ọmọ náà sì yán.

“Òun là ń dúró dè,” nọ́ọ̀sì náà sọ fún Ìyá Ẹ̀wà. “Lọ́jọ́ tó bá gba ìsinmi, ọwọ́ gbogbo wa ló ń gbọ̀n.”

“Mọ́mì! Ẹ̀yin rèé!”

Ọwọ́-Òwú dì mọ́ ọn, ó mú un lọ sí yàrá kékeré tí wọ́n ń kó báàgì sí, ó fún un ní àga, ó ń wá ife tó mọ́. Ìyá Ẹ̀wà ní kó jókòó. Ó kọ́kọ́ sọ ti ibùdó irúgbìn fún un, pé òun ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni kò sí ibi tó lè yà sí mọ́.

“Lẹ́tà yẹn, mi ò fi ránṣẹ́.”

“Lẹ́tà wo, mà?”

“Ti òkè òkun. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mi ò kọ ọ́ parí. Ọgọ́fà òdòdó yẹn ni mo ń rò. Mo fẹ́ kí o dúró tì mí. O wá bi mí, mo ní ó ti lọ.”

Ọwọ́-Òwú kò pariwo. Ó gbé ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

“Ẹ ní wọn ò kà á?”

“Kí ni wọ́n máa kà? Ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ ò bá pé, wọn kì í ṣí ìwé rẹ̀ rárá.”

“Ìyẹn ni pé wọn ò wọ̀n mí.”

“Wọn ò wọ̀n ọ́.”

Ẹnì kan ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn kọjá níta.

“Bẹ́ ẹ bá sọ fún mi nígbà yẹn pé ẹ ò fẹ́ kí n lọ,” Ọwọ́-Òwú sọ nígbẹ̀yìn, “ǹ bá bínú. Ǹ bá sunkún. Ọ̀sẹ̀ méjì ǹ bá má kí yín. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ǹ bá tún gbìyànjú níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbàgbọ́ ni pé ẹ kọ gbogbo ire tó wà lára mi síbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí jù, wọ́n kà á tán, wọ́n ní kò tó. Kí ni mo tún fẹ́ fi gbìyànjú?”

Ní gbogbo ọdún mọ́kànlá, Ìyá Ẹ̀wà rò pé àyè ìwé kan lókè òkun lòun gbà lọ́wọ́ ọmọ yìí. Kò mọ̀ pé nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

“Ẹ rántí àbúrò mi obìnrin, èyí tó máa ń wá ṣa ewé lọ́gbà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje? Nígbà tó fẹ́ wọ yunifásítì, ó ní ìmọ̀ ewéko lòun fẹ́ kọ́. Èmi ni mo jókòó tì í. Mo ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé ìdílé wa ò ní orí ẹ̀. Yíya àwòrán ilé ló ń kọ́ báyìí.” Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. “Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ẹnu ara mi.”

“Ọmọ mi, dárí jì mí.”

“Mo gbọ́, mà.”

Nọ́ọ̀sì kan ilẹ̀kùn. Ọmọ mìíràn ti dé. Ọwọ́-Òwú dìde, ó tún aṣọ funfun rẹ̀ ṣe.

“Bí àwọn ará ibùdó yẹn bá kọ̀wé sí mi, màá lọ. Ẹ rọra máa lọ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n.”

Orúkọ oyè tí Ìyá Ẹ̀wà fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ni. Kò gún un lọ́kàn rí bí ọjọ́ yẹn.

Wọ́n kọ̀wé sí Ọwọ́-Òwú lóòótọ́. Ó gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ. Wọ́n gbé ọgbọ̀n òdòdó síwájú rẹ̀, ẹni tí kò fọwọ́ kan òdòdó láti ọdún mọ́kànlá, mọ́kàndínlógún sì so. Ẹnu ya gbogbo wọn. Àmọ́ nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n béèrè iṣẹ́ tó ti gbé jáde. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí, orúkọ rẹ̀ sì ṣe ìkẹrin. Wọ́n gbé ipò náà fún ọkùnrin kan tó ní iṣẹ́ mẹ́fà nínú jọ́nà.

Ìyá Ẹ̀wà fi ìbínú lọ bá alága wọn.

“Òun ló ṣe é! Gbogbo òdòdó tó wà nínú iṣẹ́ yẹn, òun ló fọwọ́ kàn án!”

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo gbà yín gbọ́,” ni alága sọ pẹ̀lú sùúrù. “Ṣùgbọ́n ohun tó wà lákọsílẹ̀ là ń kà, ẹ̀yin lẹ sì tò ó bẹ́ẹ̀.”

Ó padà sílé, ó kọ̀wé sí jọ́nà pé òun fẹ́ kí wọ́n tún orúkọ tò. Wọ́n ní àfi bí gbogbo àwọn márààrún bá buwọ́ lù ú. Àwọn mẹ́rin gbà. Olórí Ẹ̀ka àtijọ́, tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń sin adìẹ lẹ́yìn ilé, kọ̀ jálẹ̀.

“Lọ́jọ́ ogbó mi yìí? Kí wọ́n máa ní wọ́n já mi wálẹ̀? Ìyá Ẹ̀wà, ìwọ lo fi mí síbẹ̀, mi ò bẹ̀ ọ́.”

Òótọ́ ló sọ. Kò bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn oṣù méje tó ti ń kọ̀wé kiri, jọ́nà gbà láti tẹ àlàyé ìlà mẹ́fà kan nípa ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọwọ́ inú ìwádìí náà. Ta ló ń padà sídìí iṣẹ́ ọdún méjìlá sẹ́yìn nítorí ìlà mẹ́fà? Ìyá Ẹ̀wà fi ránṣẹ́ sí Ọwọ́-Òwú lórí fóònù. Ọjọ́ kejì ló tó rí èsì: “Mo rí i, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun.” Ó ń wo fóònù náà bóyá nǹkan mìíràn á tún wọlé. Kò sí nǹkan tó wọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìfẹ̀yìntì rẹ̀, bó ṣe ń kó ìwé sínú páálí, ọmọbìnrin gíga kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, rúlà gígùn wà lábẹ́ apá rẹ̀. Àbúrò Ọwọ́-Òwú ni.

“Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá fojú ara mi wo ọgbà yìí, kí n má fi ti ẹnu òun ṣe. Ó sọ gbogbo ẹ̀ fún mi.”

Ìyá Ẹ̀wà mú un yípo. Ó ṣí òdòdó kan fún un lábẹ́ dígí, ó fi okùn akọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá hàn án. Ọmọ náà di èémí mú, ó wò ó títí.

“Ó mà rẹwà o.”

“Bó bá wù ọ́ láti yí padà, mo ṣì mọ èèyàn. Lónìí, kí o tó kúrò níbí, màá kọ lẹ́tà.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí kò fẹ́ já àgbà kulẹ̀.

“Ẹ ṣeun, mà. Mo ti wà lọ́dún kejì. Iṣẹ́ ilé yíyà náà sì ti wọ̀ mí lára.” Ó gbé rúlà rẹ̀. “Ohun kan ni ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bi yín. Ẹ̀wà yẹn, ṣé àwọn àgbẹ̀ ti ń gbìn ín?”

Ìyá Ẹ̀wà lè sọ pé ó kù díẹ̀. Ó lè sọ pé ìjọba ń yẹ̀ ẹ́ wò. Irú rẹ̀ ló máa ń sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn.

“Rárá,” ló sọ. “Kò sẹ́ni tó lè parí ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n rẹ lọ. Irúgbìn rẹ̀ wà nínú fíríìjì.”

“Ó dáa, mà. Màá sọ fún un bẹ́ẹ̀.”

Ọmọ náà kí i pé ó dàbọ̀, ó sì gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ. Ìyá Ẹ̀wà jókòó sórí páálí ìwé kan, kò sì dìde títí àwọn akọ̀wé fi wá béèrè kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀.